Báwo ni fáìlì ilé ẹ̀kọ́ ṣe di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣí láti ilé?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940, onímọ̀ ìṣirò George Stibitz wà ní ilé ẹ̀kọ́ Dartmouth, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n tẹ ìbéèrè ìṣirò sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan níbẹ̀, wáyà sì gbé e lọ bá ẹ̀rọ ìṣirò tó wà nílùú New York. Kò pẹ́ tí ìdáhùn fi padà wá.

Ní Dartmouth kan náà lọ́dún 1964, John Kemeny àti Thomas Kurtz ṣètò kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sínú rẹ̀, wọ́n sì ń pè é padà láti ọ̀nà jíjìn.

Nígbà náà, ibi tí wáyà bá dé nìkan ni fáìlì ń dé.

Ọdún 2002 ni wáyà abẹ́ òkun SAT-3, tó so Dakar, Abidjan, Accra, Cotonou àti Èkó pọ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. MainOne tẹ̀lé e lọ́dún 2010.

Ṣùgbọ́n etí òkun kọ́ ni ilé akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí àrùn Covid-19 mú kí Nàìjíríà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ẹni tó ní iná àti dátà lè ṣí iṣẹ́ rẹ̀ nílé. Ẹni tí kò ní, ó di ìgbà tí wọ́n bá ṣí géètì ilé ẹ̀kọ́.