Àdá Ìrèké Nínú Ogun Òmìnira Kúbà



Tí wọ́n bá dárúkọ Kúbà láàárín àwa Yorùbá, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni Lùkùmí: orin Yemọja, ìlù bàtá, àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ohùn ti bọ́ lára wọn lójú ọ̀nà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé èdè wa débẹ̀ kì í ṣe akọrin lásán. Àwọn àti ọmọ wọn jagun. Ogun náà ni mo fẹ́ sọ lónìí, èyí tí Kúbà bá Sípéènì jà fún òmìnira, láti 1868 títí di 1898. Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ: ta ló jagun náà, ta ló sì jókòó sídìí tábìlì nígbà tí ogun parí? Ẹ máa rí i pé ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì ò papọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe débẹ̀. Nígbà tí Òwu fọ́, tí Ọ̀yọ́ Ilé náà tú, ogun gba ilẹ̀ wa kan, wọ́n sì ń ta ẹni tí wọ́n bá kó. Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú fún àwọn èèyàn tirẹ̀ ní 1807, Sípéènì náà sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1817, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹrú ò yé gúnlẹ̀ sí Kúbà títí di àárín ọdún 1860 sí 1870. Ṣúgà ló fà á. Oko ìrèké ń jẹ èèyàn bí iná ṣe ń jẹ koríko. Wọn ò sì gbà á láìjà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1843, àwọn ẹrú dìde ní oko Triunvirato ní agbègbè Matanzas. Obìnrin Lùkùmí kan tí wọ́n ń pè ní Carlota wà lára àwọn tó ṣáájú. Wọ́n pa á. Ní 1975, nígbà tí Kúbà kó ọmọ ogun lọ sí Àǹgólà, orúkọ Carlota ni wọ́n fi sọ ogun yẹn. Ẹ ò rí i pé orúkọ kì í tètè kú.

Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹwàá, ọdún 1868, olóko ìrèké kan tó ń jẹ́ Carlos Manuel de Céspedes kó àwọn ẹrú rẹ̀ jọ ní oko La Demajagua, ní ìlà-oòrùn Kúbà. Ó sọ fún wọn pé wọ́n ti di òmìnira, ó sì pè wọ́n kí wọ́n wá bá òun gbógun ti Sípéènì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọlu ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Yara, wọ́n sì lé wọn padà. (Ẹ̀yin tí ẹ bá mi kọ́ nípa orírun ọ̀rọ̀, ẹ má sáré o. Yara yìí ò bá yàrà tí àwọn baba wa ń gbẹ́ yí odi ìlú ká tan rárá. Jíjọ ò ní kí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá.) Ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gba ìlú Bayamo. Nígbà tí àwọn Sípéènì padà wá pẹ̀lú agbára ní oṣù kìíní ọdún 1869, àwọn ará Bayamo fúnra wọn ló finá sí ilé wọn kí ọ̀tá tó wọ̀lú.

Ibi tí ogun náà ti gba àwọ̀ tirẹ̀ ni Pinos de Baire, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn Yara. Máximo Gómez, ọmọ Dominican Republic tó ti ṣe sójà Sípéènì rí, ló kọ́ wọn níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi àdá jà. Ìbọn ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ọ̀ta sì tún ṣọ̀wọ́n ju ìbọn lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ò ní àdá lára àwọn tó ti ń gé ìrèké láti kékeré? Wọ́n á lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n á jẹ́ kí àwọn sójà sún mọ́ wọn dáadáa, wọ́n á wá já lù wọ́n kí wọ́n tó ráyè ki ọ̀ta mìíràn. Ohun èlò tí ọ̀gá fi sí wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n fi sin òun náà ni wọ́n yí padà sí i. Ẹni tó bá mọ̀ pé àdá ni Ògún mú dání ní Kúbà títí dòní kò ní yà á lẹ́nu.

Ọmọ ogun Kúbà ni wọ́n ń pè ní mambí. Nínú wọn ni Antonio Maceo ti jáde, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọmọ olómìnira, tí wọ́n bí ní 1845 lẹ́gbẹ̀ẹ́ Santiago. Ìyá rẹ̀, Mariana Grajales, yọ̀ǹda àwọn ọmọ rẹ̀ fún ogun náà, púpọ̀ nínú wọn ò sì padà wálé. Maceo bẹ̀rẹ̀ bíi sójà lásán, ó sì di ọ̀gágun.

Ìjà tó tóbi jù nínú ogun àkọ́kọ́ yìí ni ti Las Guásimas, ní oṣù kẹta ọdún 1874. Gómez àti Maceo ká àwọn ọmọ ogun Sípéènì mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì pa wọ́n lára gidigidi. Àwọn Kúbà ló borí. Àmọ́ ọ̀ta tí wọ́n yìn níbẹ̀ ni wọ́n ti kó pamọ́ láti fi ja ìwọ̀-oòrùn, níbi tí àwọn oko ìrèké ńlá wà, níbi tí owó Sípéènì ti ń wá. Wọ́n ja àjàṣẹ́gun, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ pàdánù ohun tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe. Ohun kejì tó dí wọn lọ́wọ́ ti inú ilé wá: àwọn olówó aláwọ̀ funfun kan láàárín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìjọba aláwọ̀ dúdú ni Maceo fẹ́ dá sílẹ̀. Ní 1876, Maceo kọ lẹ́tà sí ààrẹ wọn láti tako ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tó di ọjọ́ 10, oṣù kejì, ọdún 1878, púpọ̀ nínú àwọn aṣáájú wọn fọwọ́ sí àdéhùn Zanjón. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ o: ẹrú tó bá ti bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ jagun di òmìnira, ẹrú tó dúró ti ọ̀gá rẹ̀, ẹrú ló ṣì jẹ́. Òmìnira di ẹ̀bùn ẹni tó gbébọn, ẹni tó fara mọ́ ìyà ò rí nǹkan kan gbà. Maceo kọ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ó pàdé Martínez Campos, ọ̀gágun Sípéènì, ní Baraguá, ó sì sọ fún un pé àlàáfíà tí ò ní òmìnira Kúbà nínú, tí ò sì fòpin sí oko ẹrú, òun ò fọwọ́ sí i. Ní oṣù karùn-ún, ó ní láti fi ìlú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú tó kù ti rí ohun tó wà nínú ìwé náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ní ìlà-oòrùn kọ iṣẹ́ oko, wọ́n ní àfi kí wọ́n fún àwọn náà lómìnira tí wọ́n fún àwọn tó jagun. Ní 1886 ni oko ẹrú tó dópin pátápátá ní Kúbà. Nílé wa níbí, Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì parí títí di 1893.

Ogun ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24, oṣù kejì, ọdún 1895. José Martí, tó kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ, kú lójú ìjà ní Dos Ríos ní oṣù karùn-ún. Ní ọjọ́ 13, oṣù keje, Maceo tún bá Martínez Campos pàdé ní Peralejo. Ọ̀gágun Santocildes ti Sípéènì kú níbẹ̀, Martínez Campos fúnra rẹ̀ sì sá wọ Bayamo. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, Maceo gbéra lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ kíyè sí ibi tó ti gbéra: Baraguá kan náà ni. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó la gbogbo Kúbà já, ó kọjá odi tí Sípéènì fi pín erékùṣù náà sí méjì láti Júcaro dé Morón, ó sì dé Mantua ní ọjọ́ 22, oṣù kìíní, ọdún 1896. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n ń sun oko ìrèké. Iná yẹn dun Sípéènì ju ọ̀ta lọ, nítorí owó ogun rẹ̀ ló ń jó.

Lójú ọ̀nà náà ni ìjà Mal Tiempo ti wáyé, ní ọjọ́ 15, oṣù kejìlá, ọdún 1895. Ìbọn Mauser wà lọ́wọ́ àwọn Sípéènì, síbẹ̀ àwọn ẹlẹ́ṣin Gómez àti Maceo fi àdá já lù wọ́n, wọ́n sì tú wọn ká. Ọ̀kan nínú àwọn tó jà níbẹ̀ ni Esteban Montejo, ẹni tó ti sá kúrò lóko ẹrú tó sì ti dá gbé nínú igbó. Nígbà tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, ó sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún Miguel Barnet, tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1966. Ó ní Lùkùmí ni bàbá òun, ará Ọ̀yọ́. Mo máa ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró díẹ̀ níbí yìí. Ẹni tí ogun ilẹ̀ wa lé débẹ̀ bí ọmọ, ọmọ náà gun ẹṣin wọ ogun òmìnira ilẹ̀ tí wọ́n ta bàbá rẹ̀ sí.

Sípéènì rán Weyler wá ní 1896. Ó kó àwọn ará oko wọ inú ìlú tí wọ́n sọgbà yí ká, kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ má baà rí oúnjẹ lọ́wọ́ wọn. Ebi àti àrùn pa wọ́n níbẹ̀, ó lé ní 100,000. Àìsàn náà ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sójà Sípéènì, ó ju àdá àti ìbọn lọ. Maceo kú ní San Pedro ní ọjọ́ 7, oṣù kejìlá, ọdún 1896, ọmọ Gómez sì kú tì í. Ogun ò tìtorí ìyẹn dúró: ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, Calixto García fi àgbá gba ìlú Las Tunas.

Ìgbà yẹn ni Amẹ́ríkà dé. Wọ́n wọ ogun ní oṣù kẹrin ọdún 1898, wọ́n jà ní El Caney àti San Juan ní ọjọ́ 1, oṣù keje, Santiago sì túúbá ní ọjọ́ 17. Àwọn ọmọ ogun García ló ṣí ọ̀nà fún wọn láti gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gágun Amẹ́ríkà, Shafter, ò jẹ́ kí wọ́n wọ Santiago. García kọ lẹ́tà sí i, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá, nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Paris, Sípéènì àti Amẹ́ríkà ló jókòó. Kò sí ọmọ Kúbà kankan níbẹ̀.

Iṣẹ́ èdè ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí: ọ̀pọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní ogun Sípéènì àti Amẹ́ríkà. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi gbin ogun náà, oṣù díẹ̀ tó gbẹ̀yìn ló wá fún un lórúkọ, orúkọ náà ò sì ní Kúbà nínú. Àwa tí a sọ ogun tiwa ní Kírìjì nítorí bí àgbá ṣe ń dún létí àwọn tó wà níbẹ̀, a mọ̀ pé ẹni tó gbọ́ ìró ogun ló yẹ kó sọ ọ́ lórúkọ.

Ní 1902, Kúbà gba òmìnira tí Amẹ́ríkà fi okùn sí lẹ́sẹ̀. Àwọn jagunjagun aláwọ̀ dúdú rí i pé ipò ò kàn wọ́n. Ní 1908, Evaristo Estenoz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn sílẹ̀. Ní 1910, wọ́n fòfin dè é. Ní 1912, tí wọ́n dìde láti fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba Kúbà rán ọmọ ogun sí wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláwọ̀ dúdú ni wọ́n pa, Estenoz náà wà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìdáhùn méjèèjì ò papọ̀. Àdá borí ní Pinos de Baire, ó borí ní Mal Tiempo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mú àdá wọ yàrá Paris. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìtàn, tí ẹ bá ti ka ọjọ́ ìjà fún wọn tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ ka ìwé àdéhùn fún wọn pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wá orúkọ tí ò sí nínú rẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.