Ibi ọmọ

Ibi ọmọ, tàbí olóbi, ni ẹran ara tí oúnjẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọlẹ̀. Àwa Yorùbá a máa sin ín nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti parí. Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe kékeré: ibi a máa wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá, á fẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè wọlé. Bí kò bá fẹ̀ tó, ẹ̀jẹ̀ ríru lè dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 oyún. Ní 2003, àwọn olùwádìí ní Boston rí i pé sFlt-1, èròjà tí ibi ń tú sẹ́jẹ̀ ìyá, wà nídìí rẹ̀. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ni nọ́ọ̀sì ṣe ń wọn ìfúnpá aboyún, tó sì ń yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.