Fourah Bay College: Ìtàn ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì tí Àjàyí Crowther lọ ní Freetown, tó padà di fásitì

Ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1827 ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan sí Fourah Bay, lápá ìlà oòrùn Freetown, ní Sierra Leone.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ló bẹ̀rẹ̀. Charles Haensel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n kó lẹ́rú nílùú Ọ̀ṣogùn lọ́dún 1821, tí wọ́n tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé inú ọkọ̀ àwọn ará Portugal, kí ọkọ̀ ojú ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Òun ni gbogbo ayé padà mọ̀ sí Samuel Àjàyí Crowther.

Kó tó pé 50 ọdún tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ó ti di ibi tí ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Àfíríkà ti lè gba oyè fásitì láì wọkọ̀ lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àmọ́ ìbéèrè kan kò kúrò nílẹ̀ látìgbà náà: bí ọmọ Àfíríkà bá mọ Bíbélì débi tó ń kà á ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, ṣé wọ́n á gbà kó máa darí ìjọ?

Kí ló dé tí CMS fi dá a sílẹ̀?

Ọdún 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Àfíríkà, tí wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown.

Báyìí ni Yorùbá, Igbo, Hausa, Nupe àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ṣe bá ara wọn nílùú kan náà. Nítorí pé "ẹ kú" kì í kúrò lẹ́nu àwọn Yorùbá bí wọ́n bá ń kí ara wọn, Akú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀.

Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ fún CMS, ṣùgbọ́n ibà ń pa àwọn òyìnbó tí wọ́n ń rán wá. Ibojì òyìnbó ni wọ́n ń pe Sierra Leone nígbà náà.

Ikú yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí CMS tètè gbà pé ọmọ Àfíríkà ni yóò wàásù fún ọmọ Àfíríkà. Kí wọ́n tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́ wọn.

Ta ni ó kọ́ wọn ní Hébérù àti Gíríìkì?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ wọn kò ju ìwé kíkà, ìwé kíkọ, ìṣirò àti Bíbélì lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi Látìnì, Gíríìkì, Hébérù àti èdè Lárúbáwá kún un.

Ẹni tó darí ilé ẹ̀kọ́ náà lákòókò yìí ni Edward Jones, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Charleston ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1826 ló jáde ní Amherst College, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè níbẹ̀. Ó dé Sierra Leone lọ́dún 1831, ó sì jẹ́ ọ̀gá Fourah Bay fún ohun tó lé ní ọdún 15, títí di 1858.

Nígbà tirẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ńlá alájà mẹ́rin tó sọ ibẹ̀ di olókìkí. Gómìnà William Fergusson, dókítà tí òun náà ní ẹ̀jẹ̀ Àfíríkà lára, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1845. Òpó ìgbòkun àwọn ọkọ̀ akẹ́rú tí wọ́n gbà lójú omi ni wọ́n fi ṣe igi àjà rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹni tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó wá jókòó sábẹ́ igi náà láti kàwé.

Ẹni tó wá kọ́ wọn ní Hébérù ni Sigismund Koelle, ọmọ Jámánì mìíràn, tó dé ní ìparí ọdún 1847.

Ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ èdè yìí kò ṣòro. Hébérù ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú Májẹ̀mú Láéláé, Gíríìkì sì ni wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún. Ẹni tó bá ka Bíbélì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ohun tí olùtumọ̀ gbọ́ ló ń gbọ́. Ẹni tó mọ Hébérù àti Gíríìkì lè bá òyìnbó jókòó, kó sì bá a jiyàn lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan.

Koelle fúnra rẹ̀ tún di akẹ́kọ̀ọ́ ní Freetown. Bó bá ti kọ́ni tán, á lọ jókòó ti àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, á máa béèrè ọ̀rọ̀ èdè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé tó kọ jáde lọ́dún 1854, Polyglotta Africana, kó nǹkan bíi 200 èdè àti ẹ̀ka èdè jọ. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà àti Yàgbà wà lára àwọn èdè Akú tó wà nínú rẹ̀.

Báwo ló ṣe kan Bíbélì Yorùbá?

Crowther padà di olùkọ́ ní Fourah Bay. Lọ́dún 1843, wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní London, ọdún náà sì ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní oṣù Kíní ọdún 1844, ó fi Yorùbá wàásù ní Freetown.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ tẹ̀lé e. Ìwé Róòmù jáde lọ́dún 1850. Òun àtàwọn mìíràn bíi Thomas King ló jọ ń ṣe é lọ títí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde lọ́dún 1884.

Kì í ṣe Hébérù àti Gíríìkì nìkan ni iṣẹ́ náà béèrè. Ọ̀rọ̀ wo ni kí wọ́n lò fún ẹni tó ń rúbọ sí Ọlọ́run Ísírẹ́lì? Ọ̀rọ̀ wo ni yóò dúró fún bíbá Ọlọ́run sọ̀rọ̀?

Ẹnu àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ni wọ́n ti mú púpọ̀ nínú rẹ̀. Àlùfáà, wòlíì àti àdúrà ti wà lẹ́nu wọn ṣáájú kí Bíbélì tó dé. Títí dòní, ọ̀rọ̀ kan náà ni ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ń lò.

Àríyànjiyàn kò tíì tán lórí àwọn kan. Wọ́n lo Èṣù fún Sátánì. Lọ́dún 1962, Bọ́lájí Ìdòwú, tó ń kọ́ni ní Fásitì Ìbàdàn, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè pé Èṣù tí Yorùbá mọ̀ kì í ṣe Èṣù inú Májẹ̀mú Tuntun.

Oyè Durham

Lọ́dún 1872, Edward Wilmot Blyden kọ̀wé sí Gómìnà John Pope Hennessy pé Ìwọ̀ Oòrùn Àfíríkà nílò fásitì tirẹ̀. Àlùfáà James Johnson, ọmọ Sàró tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wà lára àwọn tó ń pe irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Ohun tí CMS ṣe ni pé wọ́n so Fourah Bay mọ́ Fásitì Durham ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1876. Láti ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Freetown lè ṣe ìdánwò Durham, kó sì gba oyè rẹ̀, yálà oyè B.A. tàbí ìwé ẹ̀rí nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run.

Èrè ńlá ni, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ pé oyè dúdú rẹlẹ̀ sí ti funfun nígbà tó jẹ́ pé oyè kan náà ni. Àmọ́ ó ní ohun tó gbà lọ́wọ́ wọn. Látìnì àti Gíríìkì ni Durham ń béèrè. Kò béèrè Yorùbá, Temne tàbí Mende, èdè tí ọ̀pọ̀ wọn yóò fi wàásù bí wọ́n bá jáde.

Ìmọ̀ wà, àṣẹ ńkọ́?

Ọdún 1864 ni wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Fásitì Oxford sì fi oyè Dókítà dá a lọ́lá lọ́dún kan náà.

Lọ́dún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí agbègbè Odò Ọya dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Crowther dúró níṣojú rẹ̀, wọ́n ní ìwà wọn kò tọ́. Dandeson, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ àlùfáà àgbà, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Crowther, tó ti lé ní ẹni 80 ọdún, kọ̀wé fipò sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó kú ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1891.

Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Isaac Olúwọlé, tó jáde ní Fourah Bay, di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1893, James Johnson náà di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1900. Igbákejì lásán ni àwọn méjèèjì lábẹ́ òyìnbó.

Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn gbé ìmọ̀ wọn lọ. Kí wàhálà yẹn tó dé ni T. B. Macaulay, tó jáde ní Fourah Bay, ti dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1859. Olúwọlé náà jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. A. B. Akínyẹlé, tóun náà lọ sí Fourah Bay, ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Ibadan Grammar School lọ́dún 1913.

Nígbà tí ìjọ Áńgílíkà dá àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́dún 1952, Akínyẹlé yìí ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀, kì í ṣe igbákejì ẹnikẹ́ni. Ó ti lé ní 60 ọdún tí Crowther ti kú.

Níbo ló kù sí báyìí?

Fourah Bay kúrò ní ilé àtijọ́ náà lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì padà fìdí kalẹ̀ sórí òkè Mount Aureol. Lónìí, ó jẹ́ ara Fásitì Sierra Leone, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ òfin, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Ilé tí wọ́n fi òpó ọkọ̀ akẹ́rú kọ́ di ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ó tún di kóòtù. Iná jó o lọ́dún 1999 lásìkò ogun abẹ́lé. Ògiri rẹ̀ ṣì dúró ní Cline Town, ṣùgbọ́n kò ní òrùlé mọ́.