Ọmọ Kì í Wọ Ilé-Ìwé Lọ́wọ́ Òfo: Ìtàn Ètò Ẹ̀kọ́ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ ìwà ni àwọn àgbà sábà máa ń pa òwe yìí sí, ṣùgbọ́n ó kan ẹ̀kọ́ ìwé pẹ̀lú. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé ti mọ bí a ṣe ń kí àgbà. Ó ti gbọ́ àlọ́, ó sì lè túmọ̀ àlọ́ àpamọ̀. Ó ti bá ìyá rẹ̀ ka ọsàn jọ lórí àtẹ. Ó mọ ewé eéran yàtọ̀ sí ewé ẹ̀fọ́. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tí ilé-ìwé ti dé ilẹ̀ Yorùbá nìyí: ṣé orí ìmọ̀ yìí ni olùkọ́ yóò kọ́lé lé, àbí ńṣe ni yóò kọ́kọ́ wó o palẹ̀?

Bí Ilé àti Ilé-Ìwé Ṣe Pínyà

Kí àwọn ajíhìnrere tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842, agboolé, oko àti ọjà ni ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ Yorùbá. Ọmọ alágbẹ̀dẹ a kọ́kọ́ fi ẹwìrì fínná kí ó tó di ọmọ owú mú; ọmọ aláró a mọ bí a ṣe ń sẹ́ omi eérú kí ó tó rẹ aṣọ. Ẹ̀kọ́ kò yà kúrò lára iṣẹ́ àti ìgbé-ayé.

Àwọn ajíhìnrere kò kọ èdè Yorùbá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ran ilé-ìwé lọ́wọ́, pàápàá láti ìgbà òfin ẹ̀kọ́ ti 1882, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé ga. Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń fìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà. Báyìí ni ọmọ ṣe kọ́ ọ láìsí ẹni tí ó sọ ọ́ fún un pé ohun tí òun mọ̀ láti ilé kì í ṣe ìmọ̀.

Ohun tí Ó Ṣẹlẹ̀ ní Módákẹ́kẹ́

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Bábátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ‘A’ ní Módákẹ́kẹ́. Ford Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó pèsè owó ìwádìí náà.

Ohun tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà ni kí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, kí a sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta yòókù. Ẹgbẹ́ kan nínú ìwádìí náà tẹ̀ lé ìlànà yìí. Ẹgbẹ́ kejì fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà. Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ni ó ń kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nítorí pé kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò tí ó péye ní èdè Yorùbá, wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Láti 1973, wọ́n mú ètò náà dé àwọn ilé-ìwé mìíràn.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì pé Yorùbá lè gbé ìṣirò, kí ó wo ọpọ́n ayò. Ojú méjìlá ni ó ní, ọmọ ayò mẹ́rin sì ni ó wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Orúkọ 48 ni méjìdínláàádọ́ta: a yọ 2 kúrò nínú 50. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ 60 tí a yọ 10 kúrò nínú rẹ̀. Ọgọ́ta sì jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìsọdipúpọ̀ wà, àyọkúrò méjì sì wà. Ọmọ tí ó ń ta ayò lábẹ́ igi ti ń ṣe ìṣirò kí ó tó di kálàmù mú.

Àbájáde rẹ̀ yé tẹrú-tọmọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ wọn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn òbí ń bẹ̀rù pé yóò bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibi tí Ọ̀rọ̀ Dé

Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè ti 1977 fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Fáfúnwá di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992, ó sì ń jà fún èrò yìí títí ó fi jáde láyé ní 2010. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé ìlànà náà, wọ́n ní àwọn ọmọ ibi tí èdè abínibí ti ń ṣiṣẹ́ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá.

Ó yẹ kí a bi ìdí tí ìjọba sọ yìí léèrè ọ̀rọ̀. Ètò Ifẹ̀ kò dúró lórí èdè nìkan. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó fi dúró bí àdògán: ìwé tí a kọ ní Yorùbá, olùkọ́ tí a dá lẹ́kọ̀ọ́, àti Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ dáadáa. Ìkòkò kì í dúró lórí àdògán tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé. Níbi tí olùkọ́ kò ti ní ìwé kankan lọ́wọ́, tí ìdánwò sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ́nńbélé, a kò lè sọ pé a ti dán ètò Ifẹ̀ wò, kí a tó wá sọ pé ó kùnà.

Òfin lè yí padà lọ́la, ó sì lè máà yí. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, ọmọ tí yóò wọ kíláàsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yóò ru ẹrù ìmọ̀ tirẹ̀ wá láti ilé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ọ́ fún un, kí ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó di tiyín lé e lórí.