Gíláàsì Igbó Olókun àti Ohun Tí Ó Lè Kọ́ Kíláàsì Wa

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Lugbe pé níbo ni gíláàsì ti wá, òkè òkun ni yóò dárúkọ. Kò jẹ̀bi, ohun tí a fi kọ́ ọ nìyẹn.

Ní 1910, Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì lẹ̀ mọ́ ní Igbó Olókun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé gíláàsì òkèèrè ni wọ́n kàn ń tún yọ́ níbẹ̀. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola walẹ̀ níbẹ̀ ní 2011 sí 2012, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000 àti àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-gíláàsì tí ó lé ní 800. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀. Kalsíọ̀mù àti alumíníọ̀mù pọ̀ nínú gíláàsì náà ju ti Yúróòpù àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá lọ. Èyí fi hàn pé Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe é.

Kí ni gíláàsì? Ohun yíyọ́ tí ó tutù kí èròjà rẹ̀ tó rí àyè tò bíi ti iyọ̀ ni. Ó dà bí èrò ọjà tí ilẹ̀ ṣú mọ́ lójijì: oníkálukú dúró síbi tí ó wà. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá yára tutù jù, ara rẹ̀ yóò le ṣáájú inú rẹ̀; wàhálà tó fara pamọ́ yìí lè là á lẹ́yìn náà. Ìdí nìyí tí a fi ń jẹ́ kí gíláàsì tutù díẹ̀díẹ̀.

Àṣìṣe kan ṣì wà tí à ń kọ́ ọmọ: pé gíláàsì wíńdò ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ nípọn nísàlẹ̀ nítorí pé ó ń ṣàn. Ìwádìí lórí irú gíláàsì Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù ṣírò rẹ̀ pé, fún bílíọ̀nù kan ọdún, kò lè ṣàn ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà kan lọ. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni kò dọ́gba. Omi àti ilẹ̀ ló ń jẹ ara ìlẹ̀kẹ̀ tí a rì mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ àwọn olùkọ́, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ìtàn àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì jọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Bida, níbi tí àwọn Masaga ti ń ṣe gíláàsì, wà ní Ìpínlẹ̀ Niger tó bá Abuja pààlà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wa máa wá nínú ìwé òkèèrè ohun tí ó wà nílẹ̀ baba rẹ̀.