Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìtàn Ìwé Aláwòrán àti Yíyàn Rẹ̀ fún Ọmọdé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ó ti rí fún àgbà méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí a fi ìwé lé lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì mọ̀ọ́kà. Àwòrán ni ìwé tí ó ń kà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí àti olùkọ́ ló ń yan ìwé ọmọdé kìkì nítorí pé èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. Ìtàn ìwé ọmọdé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi hàn pé àṣìṣe yìí kì í ṣe kékeré.

Chinua Achebe pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1960, ní Èkó, òun àti aya rẹ̀ ṣàkíyèsí pé ọmọbìnrin wọn àgbà ti ń ní èrò òdì nípa àwọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé àwọn ìwé aláràbarà tí àwọn fúnra wọn rà wà lára ohun tó fà á. Nínú ọ̀kan, káìtì ọmọ òyìnbó kan já bọ́ sí abúlé kan ní Áfíríkà, àwọn ará abúlé sì sọ ọ́ di òrìṣà. Achebe kà á sí májèlé tí àwọn fi owó ara wọn rà wálé. Akéwì Christopher Okigbo, tó ń ṣojú ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Cambridge nígbà náà, rọ̀ ọ́ pé kí ó kọ ìwé fún ọmọdé. Báyìí ni *Chike and the River* ṣe jáde ní ọdún 1966.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti mọ̀ọ́kà ni ìwé yẹn wà fún. Meshack Asare, ọmọ ilẹ̀ Gánà, ni ó gbé àwòrán sí iwájú ìtàn: òun ló ń kọ ọ́, òun náà ló ń yà á. *Tawia Goes to Sea* (1970) dá lórí ọmọ etíkun kan tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí òkun. Ní ọdún 1982, *The Brassman's Secret* gba ẹ̀bùn Noma. Nínú *Sosu's Call* (1997), Sosu kò lè rìn, àwọn kan kò sì fẹ́ kí ó máa jáde síta. Nígbà tí òkun ya wọ abúlé, tí àwọn alágbára kò sí nílé, ìlù tí Sosu lù ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi padà wá gba àwọn tó kù sílé là. UNESCO fún ìwé náà ní ẹ̀bùn ní ọdún 1999.

Kí ni èyí kọ́ àwa tó ń yan ìwé? Èkíní, kí a fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ inú ìwé, kí a wò ó bóyá àwòrán nìkan lè sọ ìtàn náà. Bí ó bá lè sọ ọ́, olùkọ́ ní Ìbàdàn lè fi Yorùbá pa ìtàn Tawia láìdúró de ògbufọ̀, nítorí pé àwòrán kò ní èdè àfi èyí tí ẹnu wa bá fún un. Èkejì, kí a wo ẹni tó ń ṣe nǹkan nínú àwòrán, àti ẹni tí wọ́n kàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀kẹta kan ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé: bí ìwé bá jẹ́ ti Yorùbá, kí àmì ohùn pé lórí rẹ̀. Ọmọ tó rí àwòrán irinṣẹ́ àgbẹ̀ tí a kọ "ọkọ" sí lábẹ́, báwo ni yóò ṣe mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀?

Ẹ̀yìn tí ìwé ti dé ọwọ́ ọmọ ni Achebe tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa máa kà á, kí a sì wò ó tinú tẹ̀yìn, kí a tó sanwó rẹ̀.