Kí Ni Ó Yẹ Kí Ó Ṣáájú? Ìtàn Ìlànà Ìtọ́jú Ẹni Tí Ó Fara Pa Lójijì

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó bá adìẹ wí. Òwe yìí kò sọ pé kí a má bá adìẹ wí. Ohun tí ó ń sọ ni pé bí a bá fi ìbáwí ṣáájú, adìẹ lè má sí mọ́ tí a óò bá wí. Èrò mi nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni pé ìtàn ìtọ́jú àwọn tí ó fara pa lójijì jẹ́ ìtàn ìjàkadì lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ó yẹ kí ó ṣáájú?

Ní ilẹ̀ Faransé, títí di apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ojú ogun ni ọmọ-ogun tí ó bá gbọgbẹ́ máa ń wà títí ìjà yóò fi parí, nítorí pé ìlànà ogun ní kí àwọn oníṣègùn dúró jìnnà sí ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ wọn a sì ti kú kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Dominique-Jean Larrey, oníṣẹ́-abẹ tí ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ-ogun Faransé lẹ́bàá odò Rhine ní ọdún 1792, kò fara mọ́ àṣà yìí. Ó ṣètò ọkọ̀ fífúyẹ́ tí ẹṣin ń fà, èyí tí ó ń wọ ojú ogun lọ gbé àwọn tí ó fara pa nígbà tí ìbọn ṣì ń dún. Ìlànà kejì tí ó fi lélẹ̀ tilẹ̀ ju èyí lọ. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí ogun Rọ́ṣíà ti ọdún 1812, ó wí pé ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ léwu jù lọ ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú, láìwo ipò tàbí oyè. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí láàárín ọmọ-ogun Napoleon: ọ̀gágun tí ó fara bó yóò dúró de kòríkòsùn ọmọ-ogun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ já.

Larrey ti dáhùn pé ta ni a óò kọ́kọ́ tọ́jú. Ìbéèrè mìíràn ṣẹ́kù: bí ẹnì kan bá ní ọgbẹ́ mẹ́ta lára, èwo ni a óò kọ́kọ́ mú? Ní oṣù kejì ọdún 1976, James Styner, oníṣègùn eegun kan ní Amẹ́ríkà, ń wa ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ mẹ́rin wà nínú rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ náà já sínú oko ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Ìyàwó rẹ̀ kú níbẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ náà fara pa gidigidi. Nígbà tí wọ́n dé ilé-ìwòsàn tí ó wà nítòsí, Styner rí i pé kò sí ètò kankan fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Láti inú ìbànújẹ́ yìí ni ẹ̀kọ́ kan ti jáde. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ àwọn dókítà ní ẹ̀kọ́ náà ní ìlú Auburn, ní Nebraska, ní ọdún 1978. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-abẹ Amẹ́ríkà sì gbà á wọlé ní ọdún 1980.

Ètò náà rọrùn: kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀nà ọ̀fun là, lẹ́yìn náà èémí, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà bóyá ẹni náà mọ ara rẹ̀, níkẹyìn kí a tú aṣọ rẹ̀ wo gbogbo ara, kí a má sì jẹ́ kí òtútù mú un. Ohun tí yóò tètè pa ènìyàn ni a fi ṣáájú. Eegun apá tí ó kán lè dúró. Ọ̀fun tí ó dí kò lè dúró. Lónìí, àwọn oníṣègùn tilẹ̀ ti fi ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ń tú yàà ṣáájú ọ̀fun. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2010, tí ó kan ilé-ìwòsàn 274 ní orílẹ̀-èdè 40, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn pé oògùn tranexamic acid ń dín ikú kù láàárín àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn. Ṣùgbọ́n kí wákàtí 3 tó kọjá ni ó ń ṣe àǹfààní. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè ṣe ìpalára.

Bí wákàtí bá níye lórí tó báyìí, kí ni àwa fi ṣáájú ní Nàìjíríà? Ní ọdún 1984, ìjọba ológun ṣe òfin lórí ìdigunjalè àti ìbọn. Òfin náà pàṣẹ pé kí ilé-ìwòsàn tí ó bá gba ẹni tí ó fara gbọta tètè fi tó ọlọ́pàá létí. Kò sọ pé kí a má tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀ ìbẹ̀rù sọ òfin di àṣà mìíràn: ìwé ọlọ́pàá ni a ń kọ́kọ́ béèrè, owó ìdógò ni a ń béèrè tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà nílẹ̀. Ẹni tí olè yìnbọn fún wá ń jìyà bí olè.

Òfin ìlera ti ọdún 2014 wí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún aláìsàn nítorí ohunkóhun. Ẹni tí ó bá rú u lè san ìtanràn ₦100,000, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Òfin ti ọdún 2017 lórí àwọn tí ó fara gbọta là á yé wa síwájú sí i: kí a tọ́jú wọn, ìwé ọlọ́pàá ì báà wà tàbí kí ó má sí, owó ì báà wà tàbí kí ó má sí, kí ilé-ìwòsàn sì fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2 tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé òfin tuntun yìí kò pa iṣẹ́ ọlọ́pàá rẹ́. Ètò ni ó tún tò.

Nítorí náà, dókítà, ọlọ́pàá àti akọ̀wé tí ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí pa pọ̀. Òfin tí a kò kọ́ ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà kò tíì dé ilé-ìwòsàn. Ọlọ́pàá yóò ṣe ìwádìí, akọ̀wé yóò gba owó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà láàyè nìkan ni ó lè dáhùn ìbéèrè ọlọ́pàá, òun nìkan náà ni ó sì lè san gbèsè. Ẹ jẹ́ kí a lé akátá lọ ná.